Mọ́kàndínlógún Di Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí ló mú fóònù rẹ̀ wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí a parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn yòókù sì ti ń wá oúnjẹ lọ. Ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp pé abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dín ikú àwọn obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn lẹ́yìn ìbímọ kù ní 19%. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Màmá, ẹ ò rí i? Nínú ọgọ́rùn-ún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, a ó máa gba mọ́kàndínlógún là!"

Mo ní kó jókòó. Ohun tó kà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ yé kò sí nínú ohun tó kà. Kì í ṣe 19 nínú 100. Mẹ́rin ni, nínú 1,000. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ fà ro. "Mẹ́rin péré, mà?" Mo rí i pé ó ti ń gbé abẹ́rẹ́ náà sọnù lọ́kàn rẹ̀, bó ṣe fi gbogbo ara gbá a mọ́ra ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú. Bó ṣe gbá a mọ́ra kò tọ́, bó ṣe fẹ́ gbé e sọnù náà kò tọ́. Ni mo bá fa ìwé kan yọ, mo da ìlà kan ṣoṣo kọ láti inú èsì ìwádìí náà, a sì kà á papọ̀, nọ́ńbà kan tẹ̀lé òmíràn. Ìlà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà bá mi kà. Ẹni tó bá lè kà á tán yóò lè ka ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn oníṣègùn ń kọ jáde.

Ìlà náà rèé: nínú àwọn tó gba oògùn, ẹ̀jẹ̀ dídà pa 155 nínú 10,036 (1.5%); nínú àwọn tí kò gbà á, ó pa 191 nínú 9,985 (1.9%). RR 0.81, 95% CI 0.65 sí 1.00; p=0.045.

Tranexamic acid ni orúkọ oògùn náà, TXA ni a máa ń gé e sí. Tọkọtaya ará Japan kan, Utako Okamoto àti Shosuke Okamoto, ló ṣàwárí rẹ̀, tí wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ ní 1962. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì lójú ọgbẹ́, ara tún ní ohun tirẹ̀ tó máa ń yọ́ èyí tó dì náà. Iṣẹ́ TXA ni kó má jẹ́ kó tètè yọ́. Àwọn ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń pa lórí ìkúnlẹ̀ wà lọ́kàn Utako, ṣùgbọ́n ó lé ní ogójì ọdún kí ìwádìí ńlá tó bẹ̀rẹ̀ lórí wọn. WOMAN ni wọ́n pe ìwádìí náà. London School of Hygiene and Tropical Medicine ló darí rẹ̀, láti oṣù Kẹta 2010 títí di oṣù Kẹrin 2016, ní ilé ìwòsàn 193 ní orílẹ̀-èdè 21. Nàìjíríà àti Pakistan ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin náà ti wá, UCH n'Ìbàdàn sì wà nínú àwọn ilé ìwòsàn tó kópa. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 2017. Utako kú ní 2016.

Mo ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ fi ìka bo apá àwọn tó gba oògùn, kó wo apá kejì. Ibẹ̀ ni a máa ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ gbogbo nọ́ńbà yòókù wà. Ẹ̀jẹ̀ pa 191 nínú 9,985. Ẹ yí i padà: nínú 1,000 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, tí wọ́n gba gbogbo ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn máa ń fúnni láìsí TXA, 981 ni ẹ̀jẹ̀ kò pa. Ẹ wá ro ó wò pé agbẹ̀bí kan ní àgbo kan tó fọkàn tán, tó sì ń fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ mu lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn bá ti ṣe tirẹ̀. Ó fún àádọ́ta. Bí àgbo náà kò bá tilẹ̀ ṣe nǹkan kan rárá, bíi mọ́kàndínláàádọ́ta ni yóò dìde jẹ́rìí sí i. Kò sì sí èké nínú ẹ̀rí wọn: wọ́n mu ún, ẹ̀jẹ̀ dá, wọ́n gbé ọmọ wọn lọ sílé. Ohun tí ẹnì kankan nínú wọn kò lè sọ fún wa ni ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá mu ún. Ìdí nìyẹn tí "mo lò ó, ó ṣiṣẹ́" kò fi tó nínú ìṣègùn, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ jẹ́ olóòótọ́ tó. Ó di dandan kí a rí àwọn ẹlòmíràn tó jọ wọ́n, tí wọn kò mu ún.

Kí ni yóò mú kí wọ́n jọ wọ́n? Gègé ni. Nínú yàrá ìgbẹ̀bí ní àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyẹn, àpótí kan wà tí páálí oògùn mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Páálí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ rí bákan náà, nọ́ńbà tó wà lára wọn nìkan ló yàtọ̀. TXA wà nínú àwọn kan, omi iyọ̀ lásán ló wà nínú àwọn yòókù. Bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan bá ń dà, wọ́n á mú páálí kan, wọ́n á fún un ní ohun tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú yòókù. Dókítà kò mọ èwo ni, nọ́ọ̀sì kò mọ̀, obìnrin náà kò mọ̀, ẹni tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i náà kò mọ̀.

Ọmọ náà bi mí pé kí ló dé tí wọn kò fi jẹ́ kí dókítà yan ẹni tó nílò rẹ̀ jù. Ìbéèrè onínúure ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ni dókítà aláàánú yóò sáré fún. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ púpọ̀ ni yóò fi sílẹ̀. Bí a bá wá ka òkú nígbẹ̀yìn, àwọn tó gba oògùn ni yóò kú jù, a ó sì sọ pé oògùn ló pa wọ́n. Ní ilé ìwòsàn mìíràn, obìnrin tó lówó tí ọkọ rẹ̀ sì dúró tì í ni yóò rí oògùn gbà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára ti wà nílẹ̀ dè é, a ó sì gbé ògo owó fún oògùn. Gègé kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, kò sì mọ ẹni tó ti ń kú lọ yàtọ̀ sí ẹni tó lágbára. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ fún ènìyàn tó pọ̀ tó, gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyẹn, títí kan èyí tí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà, yóò pín sí ẹgbẹ́ méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà.

Nǹkan kékeré kan tún wà níbí tó yẹ fún ìyìn. Obìnrin 20,060 ni wọ́n fi gègé pín. Ẹ ro 10,036 pọ̀ mọ́ 9,985, ẹ ó rí 20,021. Obìnrin 39 péré ni wọn kò rí kà sí i. Bí ìwé ìwádìí bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí ìyàtọ̀ ikú láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì kò ju 36 lọ. Ká ní 2,000 obìnrin ló ti poórá láìsí ẹni tó mọ̀ bóyá wọ́n kú tàbí wọ́n yè, ta ló máa gbẹ́kẹ̀ lé 36 yẹn?

Ó wá kan 19% tó mú ọmọ náà wá bá mi. Bí ìyá aláṣọ bá ní òun ti já ọjà òun wálẹ̀ sí ìdajì, ẹ ó bi í pé èló ni tẹ́lẹ̀. Ìdajì 200 náírà kò tó owó ọkọ̀, ìdajì 20,000 náírà ga. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ewu rí. Ẹ gbà pé a pe ewu ikú àwọn tí kò gba oògùn ní náírà kan. Ewu àwọn tó gbà á wá jẹ́ kọ́bọ̀ 81. Ohun tí RR 0.81 ń sọ nìyẹn, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́bọ̀ 19 ló já kúrò, òun ni 19% inú WhatsApp. Òótọ́ ni. Àmọ́ kò sí ẹni tó sọ fún wa nínú ọ̀rọ̀ yẹn bí náírà kan náà ti tóbi tó. Náírà kan náà ni ikú 19 nínú 1,000. Kọ́bọ̀ 81 rẹ̀ ni ikú 15 nínú 1,000. Mọ́kàndínlógún di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iye méjèèjì ń sọ ohun kan náà. Èyí tó ń dán ni wọ́n máa ń gbé sójú ìwé ìpolówó, èyí tó ń wúlò fún agbẹ̀bí ni èkejì. Bí ẹ bá rí ọ̀kan láìrí èkejì, ẹ béèrè.

Ǹjẹ́ mẹ́rin kéré? A fi ìṣirò tó péye díẹ̀ sí i wò ó: bí a bá fún bíi 270 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ní abẹ́rẹ́ yìí, ẹnì kan tí ẹ̀jẹ̀ ìbá pa kò ní kú. A kò ní mọ ẹni náà láéláé. Kò sí èyí tó máa dìde nínú wọn pé èmi ni. Àwọn 270 ni yóò máa rò pé àwọn ni, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ ronú kàn án. Ṣùgbọ́n ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ikú abiyamọ lágbàáyé tó ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nìkan, ẹ̀jẹ̀ dídà sì wà nínú ohun tó ń pa wọ́n jù. Ibi tí ẹkún ti pọ̀ bẹ́ẹ̀, mẹ́rin nínú 1,000 kì í ṣe ohun tí à ń fi "péré" tẹ̀lé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ó sì dákẹ́.

Ó wá ku 0.65 sí 1.00. Ẹ jẹ́ kí n gba ojú ọ̀nà abúlé wá. Bàbá àgbàlagbà kan wà, a fẹ́ mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kò sí ìwé ìbí. Ẹnì kan ní wọ́n ti ń fà á lọ́wọ́ rìn nígbà tí ogun Hitler parí. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kan etí kejì nígbà yẹn, wọn kò tíì lè gbà á sílé ìwé. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ṣírò, wọ́n ní, "Kò lè dín ní ọgọ́rin, kò lè ju mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún lọ, bí ẹ bá ní ká dárúkọ ọ̀kan, a ó ní mẹ́tàlélọ́gọ́rin." Wọ́n sọ iye tó ṣeé ṣe jù, wọ́n sì sọ ibi tí ìmọ̀ wọn dé lókè àti nísàlẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó wà láàárín ààlà méjèèjì yóò máa há sí i.

Ohun tí CI ń ṣe nìyẹn. Kọ́bọ̀ 81 ni iye tí àwọn olùwádìí máa dárúkọ bí a bá ní kí wọ́n mú ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ààlà sí i: ó lè jẹ́ kọ́bọ̀ 65, ó sì lè jẹ́ náírà kan géérégé. Bó bá jẹ́ kọ́bọ̀ 65, oògùn náà ń mú ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewu náà lọ. Bó bá jẹ́ náírà kan, kò mú nǹkan kan kúrò. Nọ́ńbà 95% ń sọ bí ọ̀nà tí wọ́n gbà fa ààlà náà ṣe ṣeé gbọ́kàn lé tó: bí a bá tún irú ìwádìí yìí ṣe léraléra, tí a sì ń fa ààlà ní ọ̀nà kan náà, bíi 95 nínú 100 irú ààlà bẹ́ẹ̀ ni yóò ká òótọ́ mọ́ àárín. Àwọn márùn-ún yòókù yóò tàsé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa wá sọ fún wa pé tiwa wà nínú àwọn márùn-ún yẹn.

Ọmọ náà ní obìnrin 20,000 mà pọ̀, kí ló dé tí àyè náà kò fi há jù bẹ́ẹ̀ lọ? Nítorí ikú ni wọ́n ń kà, ikú kò sì pọ̀ nínú wọn. Ká ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ló ṣe é pẹ̀lú obìnrin 200, ọgọ́rùn-ún lápá kan, ọgọ́rùn-ún lápá kejì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí ikú méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì kọ ọ́ síwèé pé oògùn kò wúlò. Irú ìwádìí kéékèèké bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, ó sì ti jẹ́ kí a pàdánù ohun rere, ó sì ti jẹ́ kí a gbé òfìfo gẹ̀gẹ̀. "A kò rí ìyàtọ̀" kò túmọ̀ sí "kò sí ìyàtọ̀". Ẹni tó fi àtùpà kékeré wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá ńlá, tí kò rí i, kò tíì lè búra pé abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀.

Lẹ́tà p ló máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú jù, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa. Mo mú ìdérí bírò mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo na ìkúùkù méjèèjì sí ọmọ náà. "Èwo ló wà?" Ó mú ọ̀tún, ó tọ̀nà. Mo tún ṣe é. Ó mú òsì, ó tọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ń tọ̀nà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ń ríran. Mo ní ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò rí nǹkan kan, tó kàn ń mú èyí tó bá wù ú, ọ̀nà méjì ló ní lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì tọ̀nà látòkè délẹ̀. Ká ní ènìyàn mẹ́rìndínlógún ló jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú wọn mọ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin láìríran rárá. Ìyẹn jẹ́ 6 nínú 100. Bó bá mọ ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó di ọ̀kan nínú 32, bíi 3 nínú 100.

Iye yẹn ni p. Ó ń béèrè pé: ká ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ká ní oògùn àti omi iyọ̀ ò yàtọ̀ síra, báwo ni ì bá ti ṣòro tó kí a ṣèèṣì rí ìyàtọ̀ tó tóbi tó èyí tàbí tó jù ú lọ? Nínú ìwádìí WOMAN, p jẹ́ 0.045, ìyẹn 4 àti ààbọ̀ nínú 100. Ẹ má ṣe yí i sódì. Kò sọ pé ó ku 4 àti ààbọ̀ nínú 100 kí oògùn náà jẹ́ òfìfo. Bí a bá mọ̀ pé ẹni tí kò ríran lè mọ ìdérí bírò lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà kan nínú 16, ìyẹn kò sọ fún wa bóyá ọmọ tó jókòó síwájú mi yìí ríran. Láti mọ ìyẹn, a ní láti ro ohun tí a ti mọ̀ nípa ìríran ọmọ ènìyàn mọ́ ọn.

Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò ará Ìlú Ọba, ló sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ní 1925 pé ọ̀kan nínú ogún jẹ́ ibi tó rọrùn láti fàlà sí. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti sọ 0.05 di ẹnu ibodè: bí p bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wọlé, bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà sílé. Mi ò fara mọ́ ọn. Kò sí ohun tó yí padà láàárín 0.045 àti 0.055 ju pé èèṣì kan ṣòro díẹ̀ ju èkejì lọ. Bákan náà, p kò sọ bí oògùn ṣe lágbára tó. Ìwádìí tó bá tóbi púpọ̀ lè fi p tó kéré gan-an yẹ́ ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan sí.

Ewu mìíràn tún wà nínú ọ̀kan nínú ogún yẹn. Ẹni tó bá na ìkúùkù sí ogún ènìyàn yóò rí ẹnì kan tó máa dà bí aríran. Ní 1988, ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní ISIS-2 fi hàn pé aspirin ń dín ikú àwọn tí àìsàn ọkàn kọlù lójijì kù. Ènìyàn 17,187 ló wà nínú rẹ̀, èsì rẹ̀ sì hàn gbangba. Àwọn kan ní kí àwọn olùwádìí pín èsì náà sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n sọ bó ṣe rí fún irú àwọn ènìyàn báyìí àti irú àwọn báyìí. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ìpín mìíràn kún un: àmì ìràwọ̀ tí a bí oníkálukú sí. Ó jáde pé aspirin ṣe gbogbo ènìyàn lóore, àfi àwọn tí a bí sí Gemini àti Libra! Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀ kí gbogbo ayé lè fojú ara wọn rí ohun tí èèṣì lè ṣe bí a bá gé ènìyàn sí ẹgbẹ́ kéékèèké tó pọ̀. Èmi máa ń rántí ìràwọ̀ méjì yẹn nígbàkígbà tí mo bá kà pé oògùn kan "ṣiṣẹ́ fún àwọn obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún nìkan".

Ìwádìí WOMAN náà pín ènìyàn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Láàárín àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kí wákàtí mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ pa 1.2%, nígbà tó pa 1.7% nínú àwọn tó gba omi iyọ̀ ní irú àkókò kan náà. Kọ́bọ̀ 69, ààlà rẹ̀ kọ́bọ̀ 52 sí kọ́bọ̀ 91. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, wọn kò rí èrè kankan. Ṣé Gemini ni èyí náà? Mo rò pé rárá, mo sì ní ìdí. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó rí èsì pé àwọn yóò wo àkókò. Wọ́n sì ti rí irú rẹ̀ rí: ìwádìí CRASH-2 fún àwọn tó fara pa, bíi nínú jàǹbá ọkọ̀, ní TXA yìí kan náà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2010. Àwọn tó tètè gbà á jèrè rẹ̀. Àwọn tó gbà á lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ikú ẹ̀jẹ̀ dídà tilẹ̀ pọ̀ sí i láàárín wọn, láti 3.1% sí 4.4%. Bí ohùn ẹlẹ́rìí méjì bá dọ́gba, a máa ń tẹ́tí.

Ọmọ náà rò pé a ti parí. Mo ní ó ku ohun kan tí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn kò sọ. Kí ìwádìí WOMAN tó bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tó gbé dání kì í ṣe ikú ẹ̀jẹ̀ dídà nìkan. Ikú láti ọwọ́ ohunkóhun, tàbí yíyọ ilé ọmọ, ni wọ́n pa pọ̀ kà. Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn sì ni pé kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé tọ́ka sí: 534 lápá kan, 546 lápá kejì, kọ́bọ̀ 97, ààlà rẹ̀ kọ́bọ̀ 87 sí náírà kan àti kọ́bọ̀ 9. Wọ́n yọ ilé ọmọ obìnrin 358 tó gba TXA àti 351 tí kò gbà á. Bí a bá ka gbogbo ikú, 227 ni àti 256, ààlà rẹ̀ sì kọjá náírà kan.

Kí ló dé? Ní ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà síni lára kò sí nílẹ̀, dókítà kì í dúró wò: kété tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ó ti ń gbé obìnrin náà lọ síbi iṣẹ́ abẹ kó lè yọ ilé ọmọ rẹ̀, kó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ìgbà mìíràn, àkókò kan náà ni wọ́n ń mú páálí oògùn tí wọ́n sì ń pinnu iṣẹ́ abẹ. Oògùn wo ló lè dí ohun tí wọ́n ti pinnu lọ́wọ́? Àwọn olùwádìí rí èyí nígbà tí ìwádìí ṣì ń lọ, kí wọ́n tó mọ ẹni tó gba kí ni, wọ́n sì fi iye obìnrin kún un láti 15,000 sí 20,000 kí wọ́n lè rí òye ikú ẹ̀jẹ̀ dídà gbà nínú rẹ̀. Mo gbà pé ohun tí wọ́n ṣe bọ́gbọ́n mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbà bẹ́ẹ̀, ní 2017 ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa fún àwọn obìnrin náà ní TXA kí wákàtí mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ròyìn ìwádìí náà gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀ délẹ̀. Bí ẹnì kan bá ta ọfà síbì kan, tí àmì sì wà yí ibi tó bà ká, ó yẹ ká mọ̀ bóyá ìgbà tó ti rí ibi tí ọfà bà ló yà á, tàbí ṣáájú. Ti WOMAN, ṣáájú ni.

Mo wá kọ ìlà méjì mìíràn, mo ní kó dá kà wọ́n fún mi. Àkọ́kọ́: ìwádìí WOMAN-2, 2023, àwọn aboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, ní Nàìjíríà, Pakistan, Tanzania àti Zambia. Wọ́n fún àwọn kan ní TXA lẹ́yìn ìbímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà bẹ̀rẹ̀ sí í dà jù. Ẹ̀jẹ̀ dà jù lára 7.0% àwọn tó gbà á, àti 6.6% àwọn tí kò gbà á, 1.05, 0.94 sí 1.19. Ó fi ìka tọ́ ọ. "Náírà kan àti kọ́bọ̀ márùn-ún. Ààlà rẹ̀ gba orí náírà kan kọjá. Kò dènà rẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn nìyí, mà. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Ti ibí yìí, kò tíì dà." Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́.

Èkejì: E-MOTIVE, 2023 bákan náà, ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, South Africa àti Tanzania, ó lé ní obìnrin 210,000. Níbí, ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣẹ́ gègé fún, kì í ṣe obìnrin kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń bá ìtọ́jú wọn lọ bó ṣe wà. Àwọn kan ń tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì òṣùwọ̀n sábẹ́ ìdí obìnrin kété tó bá bímọ tán, kí wọ́n lè rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí dípò kí wọ́n máa fojú díwọ̀n rẹ̀ lára aṣọ. Bí ó bá ti dé àmì, wọ́n á ṣe gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, TXA wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dà gan-an, iṣẹ́ abẹ nítorí ẹ̀jẹ̀, tàbí ikú: 1.6% lọ́dọ̀ àwọn tó ní ọ̀rá, 4.3% lọ́dọ̀ àwọn yòókù. 0.40, 0.32 sí 0.50.

"Mẹ́tàlélógójì di mẹ́rìndínlógún nínú ẹgbẹ̀rún," ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ kí n tó béèrè. "Ààlà rẹ̀ kò tilẹ̀ sún mọ́ náírà kan." Mo ní kó fi kún un pé ẹ̀jẹ̀ tó dà gan-an ló kó púpọ̀ nínú iye yẹn, pé ikú kò pọ̀ tó nínú ìwádìí náà láti dá ẹjọ́ ikú lọ́tọ̀. Ó kọ ọ́ sí etí ìwé.

Kí a tó dìde, mo sọ ohun kan sí i fún un. Ní 2018, wọ́n da àwọn ènìyàn CRASH-2 àti WOMAN pọ̀, ó lé ní 40,000, wọ́n sì rí i pé ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan tí a bá fi falẹ̀ kí a tó fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ náà ń gé bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú èrè rẹ̀, títí wákàtí mẹ́ta yóò fi pé. Ó wo aago ara ògiri. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ń kọ aago tí ọmọ bọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i ní yàrá ìgbẹ̀bí, tàbí inú fáìlì nìkan. Mo ní inú fáìlì ni. Nígbà tí mo gba wọ́ọ̀dù rẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ kejì, mo rí ègé pílásítà funfun kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin tí wọ́n ń fi omi kọ́, ní ọ̀gangan orí obìnrin kan tó ń sùn. Wọ́n fi bírò kọ ọ́ sára rẹ̀: 2:40.